Ẹ Má Họ Ìpẹtà Rẹ̀: Ọ̀rọ̀ Lórí Irin Tí A Wú Nínú Ilẹ̀ Àgbádárìgì

Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ ní Àgbádárìgì níwájú àwọn olùkọ́, àwọn bíríkìlà, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ bí mo ṣe sọ ọ́.

Ẹ̀yin àgbà tó jókòó níbí, mo júbà. Ẹ̀yin ará Ògù, onílẹ̀, mo kí yín. Ẹ̀yin bíríkìlà àti ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ tí ẹ pa iṣẹ́ òòjọ́ tì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ ṣeun gan-an, torí ẹ̀yin gan-an ni mo wá bá. Ọkọ́ àti ṣọ́bìrì yín ló máa ń kọ́kọ́ kan ohun tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Igo méjì ló wà lórí tábìlì yìí. Inú bọ́hóòlù kan náà ni mo ti pọn omi inú wọn. Ti ọwọ́ òsì yìí, ìrọ̀lẹ́ àná ni mo pọn ọ́n, mo sì ṣí i sílẹ̀ mọ́jú. Ti ọwọ́ ọ̀tún, òwúrọ̀ yìí ni. Mo rọ ọ́ kún dẹ́nu, mo sì dé e pinpin kí afẹ́fẹ́ má baà ráyè wọ̀ ọ́. Ẹ wò wọ́n dáadáa. Ti ọ̀tún mọ́ gaara bí omi òjò. Ti òsì ti pọ́n, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì ti wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gbé etí ọ̀sà ló mọ omi yìí, láti ibí títí dé Ìkòròdú àti Ẹpẹ: à á pọn ọ́n ní mímọ́, kó tó di alẹ́ ó ti kun korobá ní pupa, aṣọ funfun tí a bá sì fi fọ̀ kò ní funfun mọ́. Àwọn kan ní ẹ̀rọ ló dọ̀tí. Ẹ̀rọ kọ́. Irin ló wà nínú omi yẹn, irin tó ti yòrò. Nísàlẹ̀ ilẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ ò dé, irin a máa yòrò sínú omi, ojú ò sì ní rí i. Ìgbà tó bá jáde tó pàdé afẹ́fẹ́ ló ń di ìpẹtà.

Ẹ jẹ́ kí igo méjèèjì wà níbẹ̀. Ohun tí mo bá wá kò ju ohun tó wà nínú wọn lọ. Ohun tí ilẹ̀ ti gbé mì fún 200 ọdún lè wà níbẹ̀ fún 200 ọdún mìíràn. Ọjọ́ tí a bá wú u ni wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ wa ló sì sábà máa ń parí rẹ̀.

Ọwọ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Ní nǹkan bí 20 ọdún sẹ́yìn, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, ẹnì kan tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé sí etí ọ̀sà rán ọmọ rẹ̀ wá pè mí. Ọkọ́ rẹ̀ ti kan irin. Ìdì kan báyìí ni, ó tó ìkúùkù àgbàlagbà méjì, iyanrìn ti lẹ̀ mọ́ ọn lára gbagidi, àwọ̀ rẹ̀ dà bí àkàrà tó jóná. Ṣùgbọ́n mo rí ibi tó ti tẹ̀ yípo bí ẹ̀gbà ọrùn ẹsẹ̀, mo sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìlàjì ṣẹkẹṣẹkẹ ni. Nínú ìlú tí wọ́n ti ń de èèyàn mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó kó wọn sọdá sí erékùṣù Gbẹ̀rẹ̀fú láyé òwò ẹrú, ẹnikẹ́ni tó bá rí irú rẹ̀ mọ ohun tó ń wò. Mi ò lè jẹun ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Mo gbé e délé. Mo rẹ ẹ́ sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo mú ọ̀bẹ, mo mú búrọ́ọ̀ṣì wáyà. Bí mo ṣe ń họ ọ́, mo rí nǹkan kan ní ẹ̀gbẹ́ kan ìpẹtà náà: àwọn ìlà tín-ín-rín, àwọn kan lọ lóòró, àwọn kan lọ níbùú, bí ìgbà tí èèyàn bá tẹ aṣọ òfì mọ́ amọ̀ tútù. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Mo họ ọ́ kúrò. Nígbà tó fi máa di alẹ́, irin mi ń dán. Mo gbé e sórí fèrèsé kí oòrùn gbẹ ẹ́, mo sì ń fi í han gbogbo ẹni tó bá wọlé.

Òjò oṣù kẹfà dé, irin náà bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Mi ò fi ọ̀rọ̀ ṣeré: ẹ̀kán omi kéékèèké tó pọ́n rúsúrúsú ń yọ jáde lára rẹ̀ bí òógùn ṣe ń yọ níwájú orí. Mo nù ún, ó tún yọ. Ọyẹ́ dé, ó sán. Òjò ọdún kejì dé, èèpo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já lulẹ̀ ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Kó tó pé ọdún 3, kò sí irin mọ́. Agolo mílíìkì yìí ni mo gbá èyí tó kù sí. Ẹ gbà á, ẹ máa gbé e kiri láàárín ara yín, ẹ ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun pupa ni ẹ máa bá. Mi ò tiẹ̀ lè sọ ọjọ́ orí rẹ̀ fún yín, torí ohun tí ì bá sọ ọ́ fún wa ni mo fi ọ̀bẹ họ dànù.

Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tí àwọn ìlà yẹn jẹ́. Aṣọ ni. Bí irin bá wà nínú ilẹ̀ tí aṣọ tàbí igi tàbí okùn sì fara kàn án, irin tó ń yòrò á máa wọ inú fọ́nrán aṣọ náà lọ. Aṣọ á jẹrà, ìpẹtà á sì gba ààyè rẹ̀, òwú kan kò ní yẹ̀ níbi tó wà. Nítorí náà ẹnì kan ti fi aṣọ wé ṣẹkẹṣẹkẹ yẹn nígbà kan. Ta ni? Ṣé ẹni tí wọ́n dè ló rí àkísà kan wé e kí irin má baà bó òun lẹ́sẹ̀ ni? Àbí aṣọ ara rẹ̀ náà ló ká mọ́ ọn? Mo ní ìdáhùn rẹ̀ lọ́wọ́, mo sì fọ̀ ọ́ lọ pẹ̀lú omi ọsàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń rìn káàkiri sọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ ká padà sínú ilẹ̀ ká wo bí irin náà ṣe wà kí ọkọ́ tó kàn án.

Ẹ̀yin alágbẹ̀dẹ mọ èyí ju mi lọ: irin kì í hù. Inú òkúta àti ilẹ̀ pupa ni àwọn baba wa ti ń pọn ọ́n jáde. Ohun tó mú ilẹ̀ ọ̀nà Ìkòròdú pọ́n náà ni irin tó ti so mọ́ ọ́síjìn, ìyẹn ni pé ìpẹtà ni gbogbo ilẹ̀ pupa yẹn láti ilẹ̀wá. Iná èédú àti ewìrì ni wọ́n fi fipá já irin gbà lọ́wọ́ ọ́síjìn. Ìdàrọ́ tó ṣẹ́ kù nídìí iná, ẹ ṣì lè rí i nínú oko lónìí ní ọ̀pọ̀ ibi nílẹ̀ Yorùbá, ó dúdú, ó ń dán, kò sí ohun tí ilẹ̀ rí fi ṣe, torí ó ti dà bíi gíláàsì. Ṣùgbọ́n irin tí a fipá gbà, gbogbo ìgbà ló ń wá ọ̀nà àtipadà. Àwọn àgbà ń ki ilẹ̀ ní Ògẹ́rẹ́ afọkọ́yẹrí. Ọkọ́ tó fi ń yẹrí náà ló sì ń jẹ.

Ohun méjì ni irin nílò kó tó lè dípẹtà: omi àti afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan bá wọ́n, ìpẹtà á falẹ̀. Ẹ wo òpó irin tí a fi sọ ọgbà: ibi tó ti wọlẹ̀ gan-an ló máa ń já. Ìsàlẹ̀ tó jìn kò ní afẹ́fẹ́ tó, òkè máa ń gbẹ, ṣùgbọ́n ojú ilẹ̀ ń rí omi, ó sì ń rí afẹ́fẹ́, lójoojúmọ́. Nísàlẹ̀ ilẹ̀, irin tó yòrò kì í rìn jìnnà. Á jáde lára irin, á pàdé afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó wà láàárín iyanrìn, á sì di ìpẹtà níbẹ̀. Iyanrìn tó wà nítòsí á wọ inú rẹ̀, á dì pọ̀ mọ́ ọn. Báyìí ni ìdì náà ṣe ń tóbi, tí ẹni tó rí i á fi rò pé òkúta ni.

Nínú ìdì yẹn, ojú irin náà bó ṣe rí lọ́jọ́ tó wọlẹ̀ ṣì wà. Bí ẹ bá gé e wẹ́wẹ́ kí ẹ wò ó lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ẹ máa rí ìlà kan. Níta ìlà yẹn, ìpẹtà tó ní iyanrìn nínú. Nínú rẹ̀, ìpẹtà tí kò ní iyanrìn kankan, torí ibi tí irin wà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, iyanrìn ò sì lè wọ inú irin. Ìlà yẹn ni ojú àdá, etí ọ̀bẹ, àmì òòlù alágbẹ̀dẹ. Kódà bí irin gidi bá ti tán pátápátá nínú rẹ̀, ìlà náà á ṣì wà. Ẹni tó ń họ ìpẹtà títí tó fi kan ibi tó ń dán ti kọjá ojú irin, ó ti wọ inú rẹ̀ lọ. Ohun tó ń dán lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe ohun tí alágbẹ̀dẹ rọ.

Èyí tó burú jù nílẹ̀ tiwa ni iyọ̀. Òkun wà níhìn-ín, ọ̀sà wà lọ́hùn-ún, àwa wà láàárín. Lítà omi òkun kan ní iyọ̀ tó tó gíráàmù 35, atẹ́gùn sì ń gbé e wá lójoojúmọ́. Apá kan iyọ̀ tí a ń pè ní kílóráìdì ni ọ̀tá irin. Bí irin ṣe ń yòrò nínú ìdì rẹ̀ ló ń fa kílóráìdì mọ́ra, á kọjá nínú ìpẹtà, á lọ bá irin gidi tó kù ní àárín, á sì fara pamọ́ síbẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ìdì náà bá ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ò pọ̀, gbogbo wọn á máa falẹ̀. Ọjọ́ tí a bá wú u tí a sá a sóòrùn, ìpẹtà á gbẹ, á sán, afẹ́fẹ́ á gba ojú sísán yẹn wọlé lọ bá iyọ̀ àti irin tó wà ní àárín. Ìpẹtà tuntun á bẹ̀rẹ̀ sí í dàgbà nísàlẹ̀ ti àtijọ́. Ìpẹtà sì máa ń gba ààyè ju irin tó bí i lọ, ó lè gba ìlọ́po 2, ó lè jù bẹ́ẹ̀. Á ti èèpo òkè dànù. Òógùn tí mo rí lórí fèrèsé mi, iyọ̀ irin ni, tó ń fa omi mu nínú afẹ́fẹ́ òjò.

Ẹ má rò pé mo ń bú ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní Amẹ́ríkà, iléeṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní National Bureau of Standards bẹ̀rẹ̀ ní 1922 sí í sin oríṣiríṣi irin mọ́lẹ̀ nítorí páìpù omi àti ti epo tó ń jò. Kí wọ́n tó parí, wọ́n ti sin ju 36,500 lọ sí ibi 128, wọ́n ń wú wọn látìgbàdégbà, wọ́n ń wọ̀n wọ́n. Wọ́n tẹ àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1957. Ohun tó jáde níbẹ̀ ya àwọn tó ń ta irin lẹ́nu: yálà irin àrọ ni tàbí irin ìgbàlódé, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Ilẹ̀ tí a sin ín sí ló pinnu. Ilẹ̀ tó ń jo omi dáadáa tí kò ní iyọ̀, irin á pẹ́ níbẹ̀. Ilẹ̀ tó tutù, tó kan, tó ní iyọ̀, á jẹ ẹ́ kíá. Àwọn tó wọn irin àtijọ́ nínú ilẹ̀ tí kò burú rí i pé ohun tó ń sọ nù lára rẹ̀ kì í sábà ju nǹkan bíi 4 nínú 1,000 mìlímítà lọ lọ́dún. Ẹ ṣírò rẹ̀: 250 ọdún, mìlímítà kan péré. Tèmi parí láàárín ọdún 3 lórí fèrèsé.

Ààtàn tún ní tirẹ̀. Irin tó bá bọ́ sínú ààtàn àtijọ́ níbi tí eérú àti egungun ẹran pọ̀ sí, ó sábà máa ń sàn ju èyí tó wà nínú iyanrìn lásán lọ. Eérú ń pa kíkan ilẹ̀, ohun tó ń jáde lára egungun sì ń bo irin lára. Ṣùgbọ́n èédú fúnra rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rẹ́ irin, bó bá fara kàn án ṣe ló ń mú ìpẹtà yára. Ẹ̀yin tó ń gbẹ́ ṣọ́kàwéè lẹ́yìn ilé ọlọ́jọ́ pípẹ́, ààtàn ìdílé lẹ ń gbẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ rọra.

Ìṣó kan wà tí mo fẹ́ràn láti máa sọ ìtàn rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 87 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa, àwọn ọmọ ogun Róòmù ń kó kúrò nínú ibùdó wọn ní Inchtuthil, ní ilẹ̀ Scotland. Ìṣó wọn pọ̀, wọn ò lè kó o, wọn ò sì fẹ́ kí ọ̀tá rí i fi rọ idà. Wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n da ìṣó sí i, ó lé ní 870,000, ó tó tọ́ọ̀nù 7, wọ́n sì tẹ ilẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn awalẹ̀pìtàn débẹ̀ ní nǹkan bí 1960, àwọn ìṣó ẹ̀gbẹ́ àti tòkè ti dípẹtà, wọ́n ti lẹ̀ pọ̀ di èèpo líle. Àwọn tó wà ní àárín ńkọ́? Àwọn kan ṣì mú ṣáṣá, ẹ lè fi kan pákó lónìí. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá omi òjò wọlẹ̀ ni àwọn ti ìta ti gbà sára kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ti inú. Àwọn onímọ̀ tó ń ronú bí wọ́n ṣe máa sin ìdọ̀tí núkílíà fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún ti lọ kẹ́kọ̀ọ́ lára ìṣó wọ̀nyẹn. Páànù ilé wa náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́nà tirẹ̀: síńkì ni wọ́n fi bò ó, síńkì ló sì ń kọ́kọ́ jẹ kí irin abẹ́ rẹ̀ má baà jẹ. Bí irin oríṣi méjì bá fara kanra, ọ̀kan á tẹ̀ fún èkejì.

Ẹrẹ̀ ọ̀sà yàtọ̀. Ẹ̀yin apẹja mọ̀ pé bí ẹ bá ti ọ̀pá bọ ẹrẹ̀ dúdú tí ẹ sì fà á yọ, òórùn ẹyin òbu ló máa ń jáde. Kòkòrò àìfojúrí ló ń ṣe é. Wọn ò nílò afẹ́fẹ́, inú ohun tó wà nínú omi iyọ̀ ni wọ́n ti ń rí èémí. Níbi tí wọ́n bá pọ̀ sí, wọ́n lè jẹ irin láìsí ọ́síjìn, irin á dúdú bí èédú. Níbi tí wọn ò bá pọ̀ sí, ẹrẹ̀ ni ibi ìsinmi tó dára jù fún irin, torí afẹ́fẹ́ ò wọ ibẹ̀. Nígbà míì ẹ máa rí àwọ̀ búlúù lára irin tó ti ẹrẹ̀ tàbí àbàtà jáde, ó mọ́ bí aró. Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀, ẹ má sì fọ̀ ọ́: irin àti ohun tó ti ara egungun tàbí ewé jíjẹrà wá ló bí i.

Irin dídà, irú èyí tí wọ́n fi ṣe àgbá ogun, máa ń tan èèyàn jẹ. Irin inú rẹ̀ á yòrò lọ, ohun dúdú bíi ti inú pẹ́ńsùlù á kù síbi tó wà, pẹ̀lú ìrísí rẹ̀ pátápátá. Àgbá náà á dúró bó ṣe wà, èèyàn á ní ó pé, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ lè gé ojú rẹ̀. Ẹ má ṣe yí irú rẹ̀ lulẹ̀.

Bàbà àti idẹ fara dà á ju irin lọ dáadáa. Ìpẹtà aláwọ̀ ewé tútù tó máa ń bò wọ́n lára ló ń dáàbò bò wọ́n. Ní 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní àgbo-ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, iṣẹ́ bíi tiyín gan-an, kan àwọn orí idẹ àti bàbà tí gbogbo ayé ń wò lónìí. Ní nǹkan bí ìgbà yẹn náà, Isaiah Anozie ń gbẹ́ kòtò omi sí àyíká ilé rẹ̀ ní Igbo-Ukwu, ó kan ohun èlò idẹ tó ti wà nílẹ̀ fún nǹkan bí 1,000 ọdún. Nígbà tí Thurstan Shaw wá walẹ̀ níbẹ̀ ní 1959 sí 1960, wọ́n bá àjákù aṣọ lára àwọn ohun èlò náà. Bàbà tó ń yòrò ni májèlé fún kòkòrò tó ń jẹ aṣọ, nítorí náà aṣọ tó fara kàn án kò jẹrà. Bó bá ṣe pé wọ́n ti gbo idẹ yẹn pẹ̀lú eérú àti iyanrìn bí a ṣe ń gbo ìkòkò, a ò ní mọ̀ pé wọ́n ń hun aṣọ níbẹ̀ láyé ọjọ́un.

Ṣùgbọ́n idẹ náà ní àrùn tirẹ̀. Manilla, ẹ̀gbà tí àwọn Potogí kó wá ra èèyàn, tí àwọn ará ìlà-oòrùn ṣì ń ná títí ìjọba fi gbà á nílẹ̀ ní 1948 sí 1949, mo ti rí èyí tó dára lójú tán, tí àmì kéékèèké tó dà bí ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tútù sì yọ lára rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Iyọ̀ náà ni. Bí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ bá ti kọjá nǹkan bí 45 nínú 100, iyọ̀ inú idẹ á jí. Ní etí òkun wa níhìn-ín, ó sábà máa ń kọjá 80. Ẹ mú un kúrò láàárín àwọn yòókù, kì í ṣe pé ó ń ràn bí ìgbóná, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun rẹ̀ ní iyọ̀ nínú. Òjé á funfun díẹ̀, á sì dúró. Fàdákà á dúdú, á di aláwọ̀ eérú. Wúrà kì í ṣe nǹkan kan.

Ní 1700, ọkọ̀ ojú omi kan tó ń jẹ́ Henrietta Marie, tó ti kó ẹrú láti apá Calabar lọ tà ní Jàmáíkà, rì sí etíkun Florida nígbà tó ń padà lọ sí Ìlú Ọba. 1972 ni wọ́n rí àwókù rẹ̀. Wọ́n bá ṣẹkẹṣẹkẹ níbẹ̀, ó lé ní 80, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà nínú ìdì iyanrìn, ìkarahun àti ìpẹtà. Ní 1983 wọ́n rí agogo ọkọ̀ náà, ìdì bò ó lára bákan náà. Wọ́n ṣí i díẹ̀díẹ̀, orúkọ ọkọ̀ sì jáde, pẹ̀lú ọdún: 1699. Láti ara agogo yẹn ni wọ́n ti mọ ọkọ̀ tó jẹ́, ibi tó ti wá, ohun tó kó. Èyí tí irin inú ìdì bá ti yòrò tán nínú òkun, wọ́n máa ń fi X-ray wò ó, wọ́n á rọ ohun tó ń le bíi gíláàsì sínú ihò tó kù, wọ́n á sì rí ìrísí ohun èlò náà gbà padà. Ihò lásán! Nígbà tí mo kà á, mo wo agolo mílíìkì mi.

Kí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe? Bí ọkọ́ yín bá kan irin tàbí idẹ, ẹ dúró. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín níbi tó wà, kí ẹ tó gbé e. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn bó ṣe jìn tó sí ojú ilẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ gbé e pẹ̀lú ilẹ̀ ara rẹ̀, ẹ má fọ̀ ọ́, ẹ má họ ọ́, ẹ má fi ọsàn, omi bátìrì tàbí kẹrosíìnì kàn án. Bó bá jẹ́ inú ẹrẹ̀ tàbí omi lẹ ti rí i, ẹ má jẹ́ kó gbẹ: ẹ fi í sínú omi tó mọ́ nínú ike, kó bò ó mọ́lẹ̀. Bó bá jẹ́ inú iyanrìn gbígbẹ ni, ẹ gbé e sínú ike tó lè dé pinpin, kí ẹ sì da àwọn àpò pélébé tó ní èso funfun nínú, irú èyí tí wọ́n ń kó sínú páálí bàtà tuntun, yí i ká. Wọ́n ń fa ọ̀rinrin mu. Lẹ́yìn náà ẹ fi tó àwọn tó mọ̀ létí. Òfin 1979 tó dá National Commission for Museums and Monuments sílẹ̀ sọ pé a gbọ́dọ̀ sọ irú ohun bẹ́ẹ̀ fún wọn, kò sì sí ẹni tó láṣẹ láti kó o jáde nílẹ̀ yìí láìgba ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tà á fún àwọn tó ń ra àjákù irin. Mo mọ̀ pé ebi ò gbọ́ òfin. Ṣùgbọ́n wọ́n á wọ̀n ọ́n ní kílò, owó tó máa dé ọwọ́ yín kò ní tó owó búrẹ́dì, ohun tó wọ ẹsẹ̀ èèyàn kan nínú ìlú yìí á sì di ọ̀pá irin síléèbù.

Àwọn tó ń tọ́jú irin wọ̀nyí ń rẹ ẹ́ sínú omi kọ́sítíìkì sódà fún oṣù púpọ̀, wọ́n ń pààrọ̀ omi náà títí iyọ̀ á fi jáde tán. Ẹ̀yin olùkọ́ kẹ́mísírì mọ bí wọ́n ṣe ń dán an wò: ẹ pa kọ́sítíìkì inú omi náà pẹ̀lú ásíìdì náítíríìkì, kí ẹ kán silver nitrate sí i; bó bá funfun bí omi ògì, iyọ̀ ṣì wà. Iṣẹ́ ọlọ́wọ́ tútù ni, kì í ṣe ti ẹ̀yìnkùlé.

Lẹ́yìn tí mo sọ̀rọ̀ tán, bàbá alágbẹ̀dẹ kan nawọ́. Ó ní irin Ògún ilé àwọn ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí òun, epo pupa ni wọ́n ń fi bọ ọ́ lọ́dọọdún, kò sì tíì jẹ. Ó ní ṣé kí òun máa fi epo pupa pa ohun tí àwọn ọmọ bá wú náà ni? Mo ní, bàbá, ẹ má dá epo dúró lára ti Ògún. Irin yẹn kò wọlẹ̀ rí, kò mu iyọ̀, epo sì ń lé omi sẹ́yìn fún un. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ti inú ilẹ̀ jáde, iyọ̀ ti wà ní àárín rẹ̀. Bí a bá fi epo pa á kí iyọ̀ tó jáde, ńṣe la sé iyọ̀ mọ́ ọn nínú, omi tí wọ́n máa fi fọ iyọ̀ jáde kò sì ní ráyè wọlé mọ́. Bàbá náà gba agolo mílíìkì lọ́wọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìka méjì bu díẹ̀ nínú ìyẹ̀fun náà, ó fi ń ra ọwọ́ títí, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo rántí apá ibi tí aṣọ náà wà lára ṣẹkẹṣẹkẹ. Mo ní apá inú ni, ibi tó máa kan ẹsẹ̀.